Gàrí Bàbá Kúùkù Lójú Sánmà

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ó dá mi lójú pé ibi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bí irú èyí tí a ṣe fún bàbá àgbà mi ní Ìgbògbò, ni ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti ń bọ̀. Mo jókòó lábẹ́ kánópì, mo ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan ní bàbá wa ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Òmíràn ní onísùúrù èèyàn ni wọ́n. Ọkùnrin kan tí bàbá ti lé jáde nílé wa rí dìde, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú bàbá ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sè é. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti fẹ́ gbé mi, mo bá fi ìbòrí bo ẹnu. Àǹtí Mùlíká tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Má rẹ́rìn-ín, Wúrà. Jẹ́ kí wọ́n pa irọ́ wọn tán. Ẹni tó bá purọ́ tó báyìí, ebi á ti máa pa á."

Bàbá àgbà mi ò sunwọ̀n láàyè. Wọn ò ní sùúrù, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jẹ́ kí àwọn ará Ìgbògbò sin ẹlòmíì dípò wọn.

Bàbá Kúùkù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ejinrin, létí ọ̀sà, ni ilé baba wọn, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù káàkiri ayé ni wọ́n ti lo ìgbà ọ̀dọ́ wọn, tí wọ́n ń dáná fún àwọn atukọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n kọ́lé sí Ìgbògbò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún wọn, ìyẹn ni kí wọ́n máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń dáná ládùúgbò pé kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ọdún Iléyá kan, ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò wa gbé ìrẹsì àti ẹran wá nínú abọ́ tó rẹwà. Bàbá ṣí ìdérí, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n sì dé e padà jẹ́jẹ́ bí ẹni tó bo òkú lójú. Ìyá náà ṣì dúró, ó ń retí àdúrà. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ẹ kú ọdún o. Ẹ bá mi kí iná ilé yín pé ó kú iṣẹ́, torí òun nìkan ló ṣiṣẹ́ níbí."

Ẹja ńkọ́? Ẹja kún Ìkòròdú, àwọn tó ń tà á ò kéré, àmọ́ bàbá ò ní rà á níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á wọ mọ́tò láti àárọ̀, wọ́n á dé ọjà ẹja, wọ́n á máa ṣí etí ẹja kọ̀ọ̀kan wò bí ọlọ́pàá tó ń yẹ ẹrù wò. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ará etíkun Oǹdó, ẹja yíyan ló ń tà, òun nìkan ni ẹnu ẹ̀ ká bàbá. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé wọn lọ, ìyá náà ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra ẹja yìí ni àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?" Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó tó bá yíwọ́, a lè bẹ̀ ẹ́ kó yí padà. Ẹja tó bá ti yíwọ́, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́?"

Ohun méjì ni mo gbọ́dọ̀ sọ nípa kíṣìnnì bàbá kí ọ̀rọ̀ tó kù tó yé èèyàn. Èkíní, wọn kì í jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé kaná lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó bá ṣẹ́kù di ti adìẹ. Wọ́n ní oúnjẹ tó ti tutù ti kú, ẹni tó bá tún gbé e kaná ń yọ òkú lẹ́nu. Èkejì ni ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹwọ́. Bí wọ́n bá ń sebẹ̀, wọ́n á kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n á lá a, wọ́n á mọ ohun tó kù. Gbogbo wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun. Àmọ́ bí ẹlòmíì bá sebẹ̀ tó gbé ìpọnbẹ̀ wá pé kí wọ́n bá òun tọ́ ọ wò, bàbá ò ní tẹ́wọ́. Wọ́n á ní, "Gbé e síbẹ̀ yẹn," wọ́n á máa bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Ìyá àgbà nìkan ni wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí rí. Lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, ọwọ́ yẹn ò tẹ́ sí ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Àǹtí Mùlíká mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Àbíkẹ́yìn bàbá ni, ó sì fi díẹ̀ jù mí lọ, a jọ dàgbà nínú ilé kan náà ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bọ̀wọ̀ fún un tó bó ṣe yẹ. Láti kékeré ló ti ń gbé ìpọnbẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Bàbá á ní kó gbé e síbẹ̀ yẹn. Ó kọ́ iṣẹ́ kétárìn nílé ẹ̀kọ́, ó ṣiṣẹ́ nínú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Èkó, ó tún ń bọ̀ wálé lópin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ìpọnbẹ̀. Ibì kan náà ni bàbá ń ní kó gbé e sí.

Nígbà tó yá, kò pẹ́ tí fóònù alágbèéká dé ìlú tí gbogbo ayé ń pariwo "ẹ̀ló" nínú mọ́sálásí, Àǹtí Mùlíká ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tó jẹ́ ti òkè òkun. Ṣẹ́ẹ̀fù inú bàálù ni wọ́n gbà á sí, ti àwọn olówó tó ń wọ bísínẹ́ẹ̀sì níwájú. Ó mú fọ́tò wálé. Ó wọ aṣọ funfun gbòò, ó dé fìlà gogoro, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé fọ́tò náà jìnnà sójú, torí ojú wọn ti ń ṣókùnkùn nígbà náà.

"Iná wo lo fi ń dáná lókè yẹn?"

"Kò síná, Bàbá. Wọ́n máa ń sè é nílẹ̀, nínú kíṣìnnì ńlá kan nítòsí pápákọ̀. Wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á kó o wọnú bàálù. Èmi á lọ bá èrò kọ̀ọ̀kan, màá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ àti bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Màá gbé e sínú ófùnù, màá tún un ṣe, màá tò ó sáwo kó dùn ún wò."

"Ṣé o máa ń tọ́ ọ wò?"

"Wọn ò gbà wá láyè ká fẹnu kan oúnjẹ èrò, sà."

Bàbá dá fọ́tò padà. "Wọ́n gbé fìlà kúùkù dé ẹni tó ń gbé oúnjẹ kaná. Kò burú. Kí wọ́n bá mi wá fìlà dókítà wá, kí ẹ máa gbé aláìsàn bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, Agbóúnjẹkaná ni wọ́n ń pè é. Wọn ò pè é ní Mùlíká mọ́, níwájú àlejò pàápàá. Àǹtí gbìyànjú láti ṣàlàyé pé iṣẹ́ náà le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ó ní bí bàálù bá ti gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń gbẹ, ahọ́n èèyàn á kú díẹ̀, iyọ̀ àti ṣúgà á sá lẹ́nu, ohun tó dùn nílẹ̀ á wá tẹ́ bí omi. Ẹni tó bá ń bọ́ èèyàn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kì í sá. Bàbá fi ọ̀pá ìtayín tayín wọn títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní, "Ahọ́n tèmi ti yí ayé po. Kò kú rí."

Mo bá àǹtí nílé ẹ̀ ní Agric lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ló ń gbé bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń lọ aṣọ funfun náà. Mo ní kó fi bàbá sílẹ̀, ṣebí owó oṣù ẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Kì í ṣọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́, Wúrà. Kí wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó kú, kí n mọ̀ pé kúùkù ni mí."

Ohun tó wá mú bàbá wọ bàálù ni ojú tó ń dùn wọ́n. Bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́ kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́dọ̀ òun. Àǹtí fi ẹ̀tọ́ tí òṣìṣẹ́ ní gba àyè fún bàbá ní bísínẹ́ẹ̀sì, ó gba tèmi náà kí n lè máa dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ó bẹ ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi pààrọ̀ ọjọ́, kó lè jẹ́ òun ló máa bọ́ bàbá ẹ̀ lójú sánmà. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó lọ ra fìlà tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní bísínẹ́ẹ̀sì yẹn, torí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ kì í sọ òótọ́ ẹ̀. Àga ń na ara ẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fún wa ní ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n pín ìwé oúnjẹ tí orúkọ ẹran kan gba ìlà mẹ́ta níbẹ̀, ìgbà tí ẹran náà sì dé iwájú ọ̀gá tó jókòó lápá ọ̀tún wa, kò tó àtàǹpàkò. Ọ̀gá náà wọ agbádá tó tó kó fi bo mọ́tò. Ó ń fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì gé búrẹ́dì, ó ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ wáàsí tó wọ̀ ọ́ lára. Bó bá jẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló gbé irú ẹ̀ síwájú ẹ̀ nílé, ìjà ọjọ́ náà ò ní kéré.

Àǹtí Mùlíká jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú fìlà gogoro. Ó ń kí èrò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà tòun ti fìlà, òyìnbó tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gẹṣin lórí ẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Kí ni kí n gbé wá fún yín?"

Bàbá ń wo iwájú. "Kí lo sè?"

"Adìẹ wà, sà. Ẹja náà wà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó wà. Mo ní, kí lo sè?"

Ọ̀gá alágbádá ti yíjú sí wa. Àǹtí rẹ orí sílẹ̀. "Mi ò se ọ̀kankan, Bàbá."

"Ó ṣeun tó o sòótọ́. Lọ bu omi tútù wá nínú abọ́."

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sínú báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Gàrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n yọ, èyí tó kan dáadáa, pẹ̀lú ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fi bébà wé. Òórùn ẹja náà gba gbogbo bísínẹ́ẹ̀sì. Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì, àmọ́ kò sílẹ̀ nítòsí.

Àǹtí gbé omi dé. Kò gbé e wá bí ẹni tí wọ́n bú. Abọ́ gíláàsì ló fi bu ú, ó tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀, ó to ṣúgà inú bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gba ẹja lọ́wọ́ bàbá, ó yọ egungun ẹ̀ kúrò, ó tò ó sáwo bí ẹni tó ń bọ́ ọba. Ó ní, "Ẹ gbádùn oúnjẹ yín, sà."

Bàbá rẹ gàrí. Wọ́n bu ṣúgà sí i, wọ́n mu ún, ojú wọn sì dàrú. Wọ́n tún já ṣúgà mìíràn. Wọ́n rò ó, wọ́n mu ún, wọ́n tún já òmíràn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ṣúgà sí i wá. Ìgbà tí tábìlì kún fún bébà ṣúgà, wọ́n ju síbí sílẹ̀, wọ́n gbé ohùn sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́.

"Ẹ ń gba owó tó tó owó ilé lọ́wọ́ èèyàn, ẹ ò lè ra ṣúgà gidi! Ṣúgà yín ti bàjẹ́!"

Mo wo àǹtí. Mo mọ̀ pé ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ahọ́n tó yí ayé po ti kú lójú sánmà, níṣojú gbogbo wa ló sì ti kú. Ó wo ojú àwọn èrò tó yíjú sí wa. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má bínú, sà. A máa pààrọ̀ ẹ̀," ó sì kó bébà ṣúgà náà lọ.

Mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó ti ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Inú ń bí mi. Mo ní kí ló dé tí ò sọ fún wọn, ṣebí àyè ẹ̀ ló yọ yẹn.

"Kí n sọ fún Bàbá pé ahọ́n wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, lójú àwọn èèyàn yìí? Wọ́n ti dójú tì mí, ó tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kójú ti àwa méjèèjì."

Iṣẹ́ abẹ ojú yọrí sí rere. Bàbá padà sí Ìgbògbò, wọ́n ń ríran bí ẹyẹ àwòdì, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi ojú tuntun náà wá ni ẹni tí wọ́n máa sọ ìtàn ṣúgà fún. Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́sálásí, wọ́n sọ ọ́ fún ìyá ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó ń gbé wọn. Ṣúgà àwọn olówó ti bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì máa ń sọ pé ọmọ àwọn ló gbé e wá. Bí àǹtí bá wà níbẹ̀, á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń bí mi nínú ju ìtàn náà lọ. Mo bi bàbá lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ti tó kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìgbà tí ṣúgà náà bá gbọ́n, màá fi í sílẹ̀."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn gbé wọn dè. Oògùn pọ̀, dókítà ní kí iyọ̀ dín kù, oúnjẹ ò sì wọlé mọ́. Bàbá ní gbogbo wa ń fi ìwà ahun sebẹ̀. Mo sè é, wọ́n dá a padà. Ìyá ẹlẹ́ja gbé ọbẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n bi í bóyá omi ọ̀sà ló fi sè é. Ó sunkún lọ. Èjìká wọn ń yọ jáde nínú bùbá, dókítà sì sọ fún mi pé bí wọn ò bá jẹun, oògùn ò lè dá nǹkan kan ṣe. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo pe Àǹtí Mùlíká.

Ó dé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Bàbá, báwo ló ṣe ń rí lẹ́nu yín?"

"Bíi bébà. Ohun gbogbo tẹ́ bí omi. Wọ́n fẹ́ pa mí."

Àǹtí wò mí, èmi náà wò ó. Ó dìde, ó lọ sílé ẹ̀ ní Agric.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ló padà pẹ̀lú kúlà. Ìkọ́kọrẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Isu ewùrà ló rin, ó fi ẹja yíyan Ẹ̀pẹ́ sí i, ó lọ edé kúnná, irú inú ẹ̀ sì ju ti ẹnikẹ́ni tó gbọ́n lọ. Ó gbé e sórí sítóòfù bàbá, ó ta omi díẹ̀ sí i, ó dé e, ó rọ iná sílẹ̀ kó má bàa jó. Mo dúró tì í. Ohun tó ń ṣe ni ohun tí bàbá kórìíra jù láyé, oúnjẹ tí wọ́n sè síbòmíràn tí wọ́n wá gbé kaná. Mo ní ìjà dé lónìí.

Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn kíṣìnnì, wọ́n fi aṣọ bora títí dé ọrùn.

"Ibo lo ti sè é?"

"Agric, sà."

"O wá gbé e kaná."

"Mo gbé e kaná, sà."

Àǹtí bu díẹ̀ sínú ìpọnbẹ̀, ó wá dúró síbi tó máa ń dúró sí láti kékeré. Mo ń retí "gbé e síbẹ̀ yẹn." Ọwọ́ bàbá bá yọ jáde lábẹ́ aṣọ, ó yí padà, ó sì tẹ́ sílẹ̀.

Àǹtí kán an sí àtẹ́lẹwọ́ náà. Bàbá lá a. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n tún lá ibi tí ọbẹ̀ ti kúrò.

"Iyọ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan," ni wọ́n sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Dókítà ò fẹ́ ẹ."

"Ó wá ṣe jẹ́ tó ń dùn?"

"Irú àti edé ni, sà. Àwọn kì í sá lẹ́nu. Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ."

Bàbá ní kó bu ú wá. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi ìka nu abọ́, wọ́n ní kó bu díẹ̀ sí i. Wọn ò sọ pé ó ṣeun. Àǹtí kó abọ́ wọ kíṣìnnì, ó ń fọ̀ ọ́, omi ojú ẹ̀ ń kán sínú omi ọṣẹ, kò sì jẹ́ kí n gba kànrìnkàn lọ́wọ́ òun.

Bàbá pè é láti orí àga. "Mùlíká."

Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn. Ó yọ jáde pẹ̀lú ọwọ́ tútù. "Sà?"

Ara ògiri ni bàbá ń wò.

"Ṣúgà ọjọ́ yẹn ò bàjẹ́."